Imú Ẹ́ńjìnnì: Agbára Ni A Ń Rà Tàbí Ariwo?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ìlù bá dún ní àdúnjù, yíya ní ń ya. Òwe yìí ni ó wá sí mi lọ́kàn ní àsìkò ọyẹ́ tí ó kọjá, nígbà tí mo wà ní oríta Sẹ̀kọ̀nà tí mo ń dúró de ọkọ̀ Òṣogbo. Ẹni tí ó bá mọ oríta náà yóò mọ̀ pé ibẹ̀ ni àwọn tí ó ti Ifẹ̀ gba Ẹdúnàbọ̀n bọ̀ ti ń pàdé àwọn tí ó ti Gbọ̀ngán ń lọ sí Ẹdẹ àti Òṣogbo. Ọkọ̀ kì í dá níbẹ̀, eruku náà kì í sì í dá. Bí mo ti dúró, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan dé, ó ń bú bíi kìnnìún. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni ó ń wà á. Ó yà sí ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì tí ó wà lẹ́bàá ọ̀nà, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè, gbogbo wa sì rí ohun tí ń bú. Ó ti yọ àpótí dúdú tí àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ náà fi asẹ́ afẹ́fẹ́ sí, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní fítà. Ó ti fi páìpù kan tí ń dán bíi dígí rọ́pò rẹ̀, pẹ̀lú asẹ́ pupa kan ní orí rẹ̀ tí ó rí ṣóńṣó bí àrọ tí a fi ń rọ epo sínú ìgò.

Àwọn ènìyàn yìn ín. Wọ́n ní ọkọ̀ náà ti ń mí dáadáa báyìí. Kò pẹ́ tí mẹkáníìkì náà padà sí ìdí ọkọ̀ tí ó ń tún ṣe lọ́wọ́, èyí tí bàbá àgbàlagbà kan fi ń ṣe takisí. Èéfín búlúù ń jáde nídìí rẹ̀, ó sì ń jẹ ọ́ìlì bí ẹni pé ọ́ìlì ni oúnjẹ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí àpótí asẹ́ rẹ̀, òfìfo ni a bá níbẹ̀. Bàbá ní òun fúnra òun ni òun yọ asẹ́ náà dànù láti ọdún tí ó ṣáájú, nítorí ẹnìkan sọ fún òun pé bí ọkọ̀ bá ń rí afẹ́fẹ́ gbà fàlàlà, epo rẹ̀ yóò máa pẹ́. Mẹkáníìkì náà mi orí. Ó ní, “Bàbá, ẹ má bínú o, eruku ti jẹ ẹ́ńjìnnì yín tán. Owó ẹ́ńjìnnì tòkúnbọ̀ ni kí ẹ lọ wá.”

Ọ̀kan ra páìpù olówó iyebíye, èkejì kò ra nǹkan kan, ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ kan náà ni ó darí àwọn méjèèjì. Wọ́n gbà pé bí ẹnu ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì bá ti ń fẹ̀ sí i ni agbára ọkọ̀ yóò ṣe máa pọ̀ sí i. Èrò tèmi nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ní ilẹ̀ wa níbí, ohun tí asẹ́ afẹ́fẹ́ bá dá dúró síta ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ fi ṣe ìdájọ́ rẹ̀, kí a tó béèrè ohun tí ó jẹ́ kí ó wọlé. Bí a bá sì fi ojú yìí wo gbogbo irú èyí tí wọ́n ń tà, àpótí tí ọkọ̀ bá wá láti ilé-iṣẹ́, pẹ̀lú asẹ́ oníbébà tuntun tí ó dé ẹnu rẹ̀ pinpin, ni yóò borí fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yà ní ilé alágbẹ̀dẹ. Ẹwìrì ni alágbẹ̀dẹ fi ń fẹ́ iná. Bí ẹwìrì kò bá fẹ́, èédú lásán ni ó kó síwájú. Ẹ́ńjìnnì kò yàtọ̀ sí èyí, àfi pé ẹ́ńjìnnì ni ó ń fẹ́ iná ara rẹ̀. Bí písítìn ti ń lọ sílẹ̀ ni ó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé. Afẹ́fẹ́ náà pàdé epo, a fún wọn pọ̀, iná ràn wọ́n, agbára iná náà sì ti písítìn sílẹ̀ tipátipá. Ìwọ̀n tí ó bá epo pẹtiróòlù mu ni kílò 14.7 afẹ́fẹ́ sí kílò 1 epo. Lítà epo kan wọn bíi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin kílò, nítorí náà ó ń fẹ́ bíi kílò 11 afẹ́fẹ́, èyí tí ó tó 9,000 lítà. Èyí já sí pé ọkọ̀ tí ó bá jó lítà 10 epo lójúmọ́ ti fa bíi 90,000 lítà afẹ́fẹ́ sínú. Bí ó bá ṣe omi ni, yóò kún 450 dúrọ́ọ̀mù onílítà 200.

Irú afẹ́fẹ́ wo wá ni? Ní ilẹ̀ òyìnbó tí ọ̀dà bo títì láti etí dé etí, tí òjò díẹ̀díẹ̀ ń fọ̀ ọ́ ní gbogbo ìgbà, afẹ́fẹ́ náà mọ́ níwọ̀nba. Ní tiwa, ilẹ̀ pupa ni etí ọ̀nà. Bí ọkọ̀ akẹ́rù kan bá yà síbẹ̀, eruku ni yóò fi kí gbogbo àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Bí ọyẹ́ bá sì dé, eruku láti aṣálẹ̀ Sàhárà, pàápàá láti àfonífojì Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad, ni afẹ́fẹ́ ń gbé wá bá wa. Inú eruku wọ̀nyí ni yanrìn kíkúnná wà, irú òkúta tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pè ní quartz. Lórí òṣùwọ̀n Mohs tí a fi ń mọ bí òkúta ti le tó, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ láti 1 tí ó sì parí sí 10, 7 ni quartz wà. Ó le ju irin ògiri sílíńdà lọ.

Eruku tí ó léwu jù sì kọ́ ni èyí tí ojú rí. Bí a bá pín mílímítà kan sí ọ̀nà 1,000, ọ̀kan nínú rẹ̀ ni máíkírọ́ọ̀nù. Irun orí ènìyàn nípọn tó bíi máíkírọ́ọ̀nù 70. Èyí tí ó wà láàárín máíkírọ́ọ̀nù 5 sí 20 ni ó ń há sí àárín ríìn písítìn àti ògiri sílíńdà, níbi tí ọ́ìlì tẹ́ẹ́rẹ́ wà, tí ó sì ń fá irin bí ẹni fi yanrìn ha ìdí ìkòkò. Kì í ba ẹ́ńjìnnì jẹ́ lọ́jọ́ kan. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Bí ríìn bá ti jẹ, ọ́ìlì yóò máa gòkè lọ bá iná, èéfín búlúù yóò máa jáde, agbára tí a ń wá kiri yóò sì máa jò lọ láàárín ríìn àti ògiri. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀ bàbá onítakisí nìyẹn.

Gbogbo ìyá wa tí ó ń sẹ́ ògì ni ó mọ ẹ̀kọ́ tí ó kàn. Aṣọ tí ojú rẹ̀ dí máa ń pẹ́ kí ó tó jò, ṣùgbọ́n ògì tí ó bá ti inú rẹ̀ jáde a kúnná. Èyí tí ojú rẹ̀ fẹ̀ yára, ṣùgbọ́n èèrí yóò bá ògì kọjá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni asẹ́ afẹ́fẹ́ rí. Ìlànà àgbáyé kan wà tí wọ́n ń pè ní ISO 5011, tí a fi ń dán asẹ́ ọkọ̀ wò: a ó da eruku tí a ti wọ̀n sínú afẹ́fẹ́, a ó sì wọn èyí tí asẹ́ mú. Kí a sọ pé kílò eruku kan dé ẹnu asẹ́ méjì. Èyí tí ó ń mú 99.5 nínú 100 yóò jẹ́ kí gíráàmù 5 kọjá. Èyí tí ó ń mú 97 nínú 100 yóò jẹ́ kí gíráàmù 30 kọjá. Lójú ẹni tí ń ra ọjà, 99.5 àti 97 kò jìnnà síra wọn. Lójú ríìn písítìn, ìlọ́po mẹ́fà ni.

Ó yẹ kí a wá yẹ àwọn irú tí ó wà ní ọjà wò níkọ̀ọ̀kan.

Èkínní ni àpótí ilé-iṣẹ́ pẹ̀lú asẹ́ oníbébà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àpótí yìí kàn wà níbẹ̀ fún ẹwà ni, tàbí pé àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ fi ṣe ahun. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ká bébà inú rẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀ kí ojú rẹ̀ lè pọ̀ nínú àyè kékeré. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní, ẹnu àpótí náà kì í fa afẹ́fẹ́ gbígbóná inú bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yìn iná iwájú tàbí abẹ́ ìyẹ́ táyà ni ó ti ń fa afẹ́fẹ́ títutù láti ìta. Àwọn ihò àti kòròfo tí a ń rí lára rẹ̀ wà láti pa ariwo kù. Nígbà tí a bá yọ ọ́ tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bú, ariwo tí wọ́n ti pa mọ́ tẹ́lẹ̀ ni a tú sílẹ̀. Etí gbọ́ ọ, ọkàn sì gbà pé agbára ni.

Ẹ̀yin tí ẹ bá Volkswagen ìjàpá ayé àtijọ́ láyé yóò rántí irú kejì, èyí tí ó ti ń lọ sí ìgbàgbé. Ọ́ìlì ni ó wà ní ìsàlẹ̀ abọ́ asẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn. Bí afẹ́fẹ́ bá wọlé, yóò ṣẹ́rí padà lójijì lókè ọ́ìlì náà. Eruku tí ó wúwo kò lè ṣẹ́rí bẹ́ẹ̀, yóò bá ara rẹ̀ nínú ọ́ìlì. Awakọ̀ yóò fọ abọ́ náà, yóò sì da ọ́ìlì mìíràn sí i, kò ná an ní owó asẹ́ tuntun. Asẹ́ ọlọ́ìlì yìí kò mú eruku kíkúnná tó asẹ́ oníbébà, ìdí sì nìyẹn tí oníbébà fi gba ipò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan wà nínú rẹ̀: àwọn awakọ̀ ìgbà náà mọ̀ pé ojúṣe àwọn ni láti máa ṣí abọ́ náà wò.

Ẹ̀kẹta ni páìpù kúkúrú tí ó ní asẹ́ ṣóńṣó, irú èyí tí ọ̀dọ́mọkùnrin Sẹ̀kọ̀nà rà. Ojú ọ̀nà rẹ̀ fẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n inú bọ́nẹ́ẹ̀tì gan-an ni orí asẹ́ náà wà láìbò, lẹ́bàá ẹ́ńjìnnì tí iná ń jó nínú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ gbígbóná sì fúyẹ́. Afẹ́fẹ́ tí ó wà ní ìwọ̀n Celsius 30, tí ó bá gbóná dé 60, ti fi bíi 9 nínú 100 fúyẹ́ sí i. Afẹ́fẹ́ tí ó kéré sí i ni ẹ́ńjìnnì ń rí mu ní ìmí kọ̀ọ̀kan. Bí ọkọ̀ bá ń sáré ní títì gbọọrọ, afẹ́fẹ́ ìta yóò dín ooru náà kù. Ṣùgbọ́n bí ó bá bọ́ sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ìlú ní ọ̀sán gangan, ẹ́ńjìnnì yóò máa mí ooru ara rẹ̀, bí ẹni tí ó da aṣọ bo orí tí ó sì ń mí sínú aṣọ.

Púpọ̀ nínú àwọn asẹ́ ṣóńṣó wọ̀nyí ni a fi òwú ṣe, tí a sì fi ọ́ìlì pa. A lè fọ̀ ọ́, kí a tún lò ó, ìyẹn sì dára. Ṣùgbọ́n ọ́ìlì náà gbọ́dọ̀ mọ níwọ̀n. Bí ó bá kéré, eruku yóò kọjá. Bí ó bá pọ̀ jù, ẹ́ńjìnnì yóò fà á lọ bá wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ gbígbóná tí ó wà nínú sẹ́nsọ̀ tí ń wọn afẹ́fẹ́. Bí wáyà yìí bá dọ̀tí, irọ́ ni yóò máa pa fún kọ̀ǹpútà ọkọ̀. Kọ̀ǹpútà kò ní mọ iye epo tí ó yẹ kí ó tú sílẹ̀ mọ́, iná ẹ́ńjìnnì yóò sì tàn níwájú awakọ̀. Ọ̀pọ̀ ni yóò wá máa ra sẹ́nsọ̀ nígbà tí ó jẹ́ pé asẹ́ ni ó fa wàhálà.

Ẹ̀kẹrin ni páìpù gígùn tí ó sọ̀ kalẹ̀ dé ẹ̀yìn bọ́ńpà, nítòsí táyà, kí ó lè fa afẹ́fẹ́ títutù. Èyí ni ó bọ́gbọ́n mu jù nínú àwọn tí ó wà fún eré sísá, nítorí pé ó sá fún ooru. Àmọ́ ẹ wo ibi tí ó sá lọ: ó lọ bá eruku táyà ní ọ̀gbẹlẹ̀, ó sì lọ bá omi ní àsìkò òjò. Afẹ́fẹ́ ṣeé fún pọ̀, omi kò ṣeé fún pọ̀. Bí ọkọ̀ irú èyí bá wọ àgbàrá tí ó jìn, tí ẹnu páìpù sì mu omi, písítìn tí ń bọ̀ lókè yóò kọlu omi bí ẹni kọlu ògiri, apá tí ó gbé e yóò sì tẹ̀ tàbí kí ó kán. Ẹni tí ó mọ bí títì wa ti ń rí bí òjò bá rọ̀ ní oṣù kẹsàn-án yóò mọ̀ pé kì í ṣe àlá ni mo ń rọ́.

Ẹ̀karùn-ún ni èyí tí mo lè fi ọwọ́ sọ̀yà lé lórí: páìpù tí ó gun òkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì iwájú, tí a ń rí lára àwọn ọkọ̀ ńláńlá tí ń lọ oko, àti abọ́ tí ń fi afẹ́fẹ́ pòòyì tí ó máa ń wà lórí katakata. Eruku kò pọ̀ lókè tó bí ó ti pọ̀ nílẹ̀, abọ́ náà sì ń ju eruku tí ó wúwo dànù kí ó tó dé ọ̀dọ̀ asẹ́. Ẹ kíyèsí i pé àwọn méjèèjì kò rọ́pò asẹ́ oníbébà. Iṣẹ́ ni wọ́n ń bá a ṣe. Ẹni tí ó bá ń wakọ̀ lójoojúmọ́ ní ọ̀nà oko, tí ó sì lówó lọ́wọ́, kí ó náwó sí èyí.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò sọ pé, “Ṣebí àwọn tí ń sáré ìje ní òkè òkun ń lò ó?” Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n títì tí a ti gbá mọ́ ni wọ́n ti ń sáré, wọ́n sì lè tú ẹ́ńjìnnì wọn palẹ̀ lẹ́yìn ìje kí wọ́n tún un tò. Àwa ń fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tòkúnbọ̀ tí a fi owó àjọ rà gbé wa fún ọdún mẹ́wàá.

Ẹlòmíràn yóò ní ti epo ni òun ń rò. N kò bá a jà, nítorí láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, kò sí awakọ̀ tí kì í ka lítà bí ẹni ń ka ìlẹ̀kẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdáhùn ti wà lórí èyí. Ní ọdún 2009, ilé ìwádìí Oak Ridge ní Amẹ́ríkà gbé àbájáde kan jáde lórí asẹ́ tí ó ti dí. Nínú ọkọ̀ òde òní tí kọ̀ǹpútà ń darí epo rẹ̀, asẹ́ tí ó dí kò mú kí epo tètè tán ní ìwọ̀n tí ó tó nǹkan. Bí ọkọ̀ ṣe ń yára ta kìjí nìkan ni ó dínkù. Inú ọkọ̀ àtijọ́ tí ó ní kábúrétọ̀ ni ìyàtọ̀ epo ti hàn. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Ilẹ̀kùn kékeré kan wà lẹ́nu ẹ́ńjìnnì tí ẹsẹ̀ awakọ̀ ń ṣí. Nínú ìrìn ojoojúmọ́, ilẹ̀kùn náà kì í ṣí tán. Ẹni tí ó ń la ọ̀nà fẹ̀ dé ẹnu ilẹ̀kùn tí òun fúnra rẹ̀ tì ní ìdajì, kí ni ó rò pé yóò wọlé? Bí asẹ́ tí ó dí pátápátá kò bá tú epo dànù, kí ni yíyọ asẹ́ tí kò dí yóò fi pamọ́?

N kò ní kí a bú àwọn mẹkáníìkì wa o. Ọlọ́gbọ́n ni wọ́n, ojú àti etí ni wọ́n fi kọ́ iṣẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó sì lè fi etí lásán mọ àrùn tí ó ń ṣe ọkọ̀. Ayédèrú asẹ́ kún ọjà, èyí tí bébà rẹ̀ fẹ́lẹ́, tí rọ́bà etí rẹ̀ kò sì dé ẹnu àpótí. Asẹ́ gidi wọ́n. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń gbé asẹ́ ògbólógbòó lọ sí ọ̀dọ̀ fọkanáísà pé kí ó fi afẹ́fẹ́ tí ó lágbára fẹ́ ẹ. Bébà ya, kò sí ẹni tí ó rí i, wọ́n sì dá a padà. Asẹ́ tí ó ya kò sàn ju àpótí òfìfo lọ.

Ohun tí ó yẹ kí á máa ṣe kò ju mẹ́ta lọ. Kí a máa ṣí àpótí asẹ́ wò lóṣooṣù ní àsìkò ọyẹ́, kí a má ṣe dúró de iye máìlì tí ìwé ọkọ̀ òyìnbó kọ, nítorí ìwé náà fúnra rẹ̀ máa ń sọ pé kí a tètè pààrọ̀ rẹ̀ níbi tí eruku bá pọ̀. Bí a bá fẹ́ ra asẹ́, kí a tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀yìn rẹ̀ nínú òkùnkùn. Bí iná bá yọ ṣóńṣó ní ojú kan, ó ti lu. Ẹ̀kẹta ni pé kí a pa ẹ́ńjìnnì, kí a fi aṣọ funfun nu inú páìpù tí ó wà láàárín asẹ́ àti ẹ́ńjìnnì. Bí aṣọ bá pupa, eruku ń wọlé, bí ó ti wù kí asẹ́ náà lówó lórí tó.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin olùkọ́ wa, ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kàn wá nìyí. Gbogbo ìmọ̀ tí mo kà sílẹ̀ yìí kò ju ẹ̀kọ́ físíìsì ilé-ẹ̀kọ́ girama lọ: afẹ́fẹ́ gbígbóná fúyẹ́, omi kò ṣeé fún pọ̀, òkúta le ju irin. Àwa tí a kọ́ ọ fi èdè Gẹ̀ẹ́sì yege ìdánwò, a sì pa á mọ́ sínú ìwé. Ọmọ iṣẹ́ tí ń kọ́ mẹkáníìkì ní Sẹ̀kọ̀nà, tí ó ń dúró de ọjọ́ tí yóò gba fìrídọ́ọ̀mù, kò gbọ́ ọ rí ní èdè tí ó fi ń ronú. Kí ni ó dé tí àwa tí ń kọ́ Yorùbá àti àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ kò fi lè jókòó pọ̀, kí a kọ ojú ìwé kan ṣoṣo, pẹ̀lú àwòrán, kí a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ilé mẹkáníìkì kọ̀ọ̀kan láti Gbọ̀ngán dé Òṣogbo? Owó rẹ̀ kò tó owó páìpù kan.

Mo wo bàbá onítakisí náà lọ́jọ́ yẹn, bí ó ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí ó ń ṣírò ẹni tí ó lè yá a lówó. Asẹ́ tí ó jù nù kò tó owó epo ọjọ́ díẹ̀. Bí ẹnìkan bá ti sọ fún un ní ọdún tí ó ṣáájú, ní èdè tí ó yé e, pé irun imú ni ó ń fá yẹn, èmi gbà pé kò ní fá a.